Àtúnṣe Ọkọ̀ Òfuurufú Ogun Àtijọ́ Kí Ó Lè Tún Fò

Àtúnṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun àtijọ́ ni iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ fi ń mú ọkọ̀ ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí ó ti já lulẹ̀, tí iyanrìn ti gbé mì, tàbí tí yìnyín ti bò mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un tò títí yóò fi lè fò bí ó ti ń fò nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Iṣẹ́ náà yàtọ̀ sí ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí pé ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún wíwò lè fi ọ̀dà tuntun bo egbò rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí yóò gbé ọmọ ènìyàn ró lókè kò gbọdọ̀ ní egbò kankan lábẹ́ ọ̀dà.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ tí ó kó gbogbo wàhálà àti ògo iṣẹ́ yìí pọ̀, èmi kò mọ èyí tí ó ta yọ ọkọ̀ ajagun P-38 tí wọ́n sọ ní Glacier Girl, ẹyẹ onírù-méjì, asùn-ní-àádọ́ta-ọdún-jí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1942, òun àti P-38 márùn-ún mìíràn, pẹ̀lú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù B-17 méjì, ń ti Grínlándì lọ sí Áísílándì, kí wọ́n lè gba ibẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá Jámánì jà, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ dàrú, epo ń tán lọ, wọ́n sì ní láti balẹ̀ sórí pápá yìnyín tí ojú kò rí òpin rẹ̀. Èyí tí ó kọ́kọ́ balẹ̀ na ẹsẹ̀ sílẹ̀, táyà rẹ̀ kó sínú yìnyín, ó sì dojú dé. Àwọn ìyókù rí i, wọ́n ká ẹsẹ̀ kò, wọ́n fi àyà fà balẹ̀. Ènìyàn 25 ni ó wà nínú wọn, kò sì sí ẹyọ kan tí ó bá a lọ: wọ́n kó gbogbo wọn délé láyọ̀, wọ́n fi ọkọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ yẹn, yìnyín ọdún yìí ní í já lé ti èṣí lórí. Nígbà tí Pat Epps àti Richard Taylor, ará Atlanta ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn ọkọ̀ náà ní ọdún 1981, wọ́n lérò pé ìrù wọn yóò ṣì yọ sókè. Àfi ìgbà tí rédà fi hàn wọ́n ní ọdún 1988 pé ìsàlẹ̀ jíjìn réré ni wọ́n wà. B-17 tí wọ́n kọ́kọ́ walẹ̀ kàn ní ọdún 1990, yìnyín ti tẹ̀ ẹ́ pa bí agolo tí ọkọ̀ akẹ́rù gùn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: wọ́n padà lọ ní ọdún 1992 pẹ̀lú ẹ̀rọ tí omi gbígbóná ń yí nínú ọ̀pá bàbà rẹ̀, wọ́n fi yọ́ kànga tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 268, wọ́n sì gbẹ́ yàrá yí P-38 kan ká nísàlẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n ń fà á sókè ní ẹ̀yà-ẹ̀yà.

Ìlú Middlesboro ní Kentucky ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí oníṣòwò kan, Roy Shoffner, ti ná owó rẹ̀ lé e lórí, tí Bob Cardin sì ṣe olórí iṣẹ́. Ó rí bí èso ọ̀pọ̀tọ́ tí òde rẹ̀ ń dán tí kòkòrò kún inú rẹ̀. Ohun tí ojú rí pé ó pé, ìwúwo yìnyín ti wọ́ ọ inú lọ́hùn-ún. Nínú iṣẹ́ yìí, títú ni a ń tú kí a tó tò. Ẹ̀yà tí ó bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń sọ nù, nítorí òun ni àwòṣe tí a ó fi rọ tuntun. Ìpẹtà álúmíníọ̀mù kì í pọ́n bí ti irin, ẹfun ni ó jọ, a sì máa jẹ páànù láti inú wá. Láti mọ ibi tí ó sán tí ojú kò rí, wọn a fi oje pupa pa á lára, wọn a nù ún mọ́, wọn a wá bu ìyẹ̀fun funfun lé e. Níbi tí ó bá ti sán, oje náà yóò sun jáde bí ẹ̀jẹ̀ lójú ọgbẹ́. Ìṣó tí ó so páànù mọ́ egungun ọkọ̀ kò sì ṣeé dá kàn: ẹnìkan a máa gbá a níta, ẹnì kejì a fi irin wúwo tì í nínú, àgbájọ ọwọ́ gan-an ni. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe èyí, kí ẹ́ńjìnnì Allison méjèèjì, onísílíńdà 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó bú ramúramù, tí Steve Hinton sì gbé e fò ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2002 lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Àríyànjiyàn kan kò tán láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ náà: bí tuntun bá pọ̀ ju ògbólógbòó lọ lára ọkọ̀, ṣé òun náà ni àbí ẹ̀dà rẹ̀? Ọkọ̀ ajagun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Spitfire P9374, já sí etíkun Calais ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940, iyanrìn gbé e mì títí di ọdún 1980. Ó tún fò ní ọdún 2011, wọ́n sì tà á ní mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn ó lé ní ọdún 2015, bẹ́ẹ̀ tuntun ni ọ̀pọ̀ ohun tó wà lára rẹ̀. Lójú tèmi, òun náà ni, nítorí ọkọ̀ ogun kò dúró pẹ̀lú awọ kan náà nígbà ogun pàápàá. Gbogbo ìgbà tí ọta bá lù ú ni wọ́n ń pààrọ̀ páànù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Spitfire sì kàn wá, torí pé owó tí Nàìjíríà dá sí ogun náà ni Squadron 91 ti ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń fò ó, fi jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wa.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ní í bọ́ sí i. Ọkọ̀ B-29 tí wọ́n ń pè ní Kee Bird balẹ̀ sórí adágún yìnyín ní àríwá Grínlándì ní ọdún 1947. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ lọ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti táyà rẹ̀ níbẹ̀ nínú òtútù, kí ó lè fi ìyẹ́ ara rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń yí lórí yìnyín ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, iná sọ nídìí rẹ̀ láti ara epo ẹ̀rọ kékeré kan. Àwọn ènìyàn bọ́, ọkọ̀ jóná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òtútù kò sì jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀sọ̀ yẹn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, Glacier Girl gbéra láti parí ìrìn-àjò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1942. Ó dé Goose Bay ní Kánádà, níbi tí omi tí ń mú ẹ́ńjìnnì kan tutù ti ń jò. Wọ́n dá a padà, kò sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.