Ayétòrò àti Omi Abẹ́ Ilé

Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́, tẹ Ayétòrò dó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947, ẹrẹ̀ ni wọ́n bá létí òkun, nítorí pé láàárín etíkun oníyanrìn tó wá láti ìhà Èkó àti ẹnu odò Ọya, ní agbègbè Máhìn, yanrìn ṣọ̀wọ́n. Wọn kò da yanrìn dí omi. Òpó ni wọ́n rì, wọ́n tẹ́ pákó lé e, wọ́n to ilé ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n sì fi títì onípákó so wọ́n pọ̀, nítorí iṣẹ́ àti ohun ìní jẹ́ àjùmọ̀ní gbogbo ìlú nígbà náà.

Ẹni tó bá ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò ìlú láti dáàbò bo onírúurú ẹ̀dá, ìyẹn ọ̀pọ̀ oríṣi igi, ẹja àti ẹyẹ tó jọ ń gbé ibì kan, èrò òde òní ló ń gbé wọ̀ wọ́n, torí inú igbó kan náà ni wọ́n ti ń gé igi kọ́lé. Síbẹ̀, omi ń wọlé, ó ń jáde lábẹ́ pákó láìsí ìdíwọ́, edé àti ọmọ ẹja sì ń rí ibi fara pamọ́ sí láàárín òpó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láàárín gbòǹgbò ẹ̀gbà, igi inú omi iyọ̀ tó ń di ẹrẹ̀ mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ẹ̀yìn etíkun, nínú igbó ẹrẹ̀ tí omi rẹ̀ kò níyọ̀, níbi tí igi ògùrọ̀ ti ń hù, tí wọ́n ń dá ẹmu lára rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi imọ̀ rẹ̀ bo ilé. Ayétòrò pàápàá gbẹ́ ipa odò fún ọkọ̀ wọn, àmọ́ èyí tí iṣẹ́ epo rọ̀bì gbẹ́ ní ìhà Awóyè ní àwọn ọdún 1970 la ọ̀nà gbòòrò fún òkun. Iyọ̀ wọ inú igbó, igi kú lóòró, ẹja omi aláìníyọ̀ pòórá, omi mímu sì bàjẹ́.

Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé ní Ayétòrò. NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ odi etíkun jáde ní ọdún 2004, wọ́n sì tún gbé e jáde ní 2009, ṣùgbọ́n ìlú kò rí odi náà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ ọ́n, ilé nìkan ló lè dáàbò bò. Ètò tó bá máa ṣe apẹja lóore gbọ́dọ̀ ka gbígbin ẹ̀gbà padà àti dídí ẹnu àwọn ipa odò tí iṣẹ́ epo gbẹ́ mọ́ iṣẹ́ kan náà.