Ọmọ Tí Wọ́n Pè ní Adam

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ọkùnrin kan ń kọjá lórí afárá Tower Bridge ní London, ó wo ìsàlẹ̀, ó sì rí nǹkan kan tó léfòó lójú omi. Ara ọmọdékùnrin ni. Kò lórí, kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn nìkan ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ á wà láàárín ọdún 4 sí 7. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́ ní Adam.

Àwa ará Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá sọnù lọ́jà. Ìyá rẹ̀ á ké, àwọn aláta á dìde, wọ́n á kéde rẹ̀ ní mọ́sáláṣí. Ti ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó ké.

Lákòókò yẹn kan náà, wọ́n rí àbẹ́là 7 tó ti jó dé ìdajì, tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, nínú odò Thames. Orúkọ Yorùbá sì wà lára aṣọ náà. Ó parí! Ká sọ pé àwa ni ọlọ́pàá, àwa náà á sáré tẹ̀lé orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá olórúkọ débẹ̀, alààyè ni, ní New York. Àwọn òbí rẹ̀ ní London ló ṣe ìdúpẹ́ pé ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ò pa á. Adúrà ni wọ́n ń gbà, wọn ò pa èèyàn.

Egungun ló wá sọ̀rọ̀. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ strontium. Inú àpáta ló ti ń wọ ilẹ̀, ó ń tibẹ̀ wọ inú iṣu àti omi, ó sì ń wọ egungun ẹni tó jẹ ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ken Pye ti Royal Holloway wọn ti Adam, ó ní orí àpáta àtayébáyé lọmọ náà ti dàgbà, irú èyí tó wà lábẹ́ Olúmọ, Ìdànrè àti Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa níbí. Àwọn ọlọ́pàá wá sí Nàìjíríà, wọ́n kó erùpẹ̀, àpáta àti egungun lọ fi wé e. Ibi tí gbogbo rẹ̀ já sí ni àárín Ìbàdàn sí Benin City.

Wọ́n tún bá ẹ̀wà olóró Calabar nínú ìfun rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní Calabar láyé àtijọ́. Ẹ̀wà yìí máa ń mú kí ara rọ jọwọrọ. Àtàǹpàkò òdòdó ilẹ̀ òyìnbó tó wà nínú ìfun yẹn kan náà fi hàn pé kò tíì pẹ́ tó dé London, bóyá ọjọ́ mélòó kan péré.

Ibi tó dùn wá jù nìyí. Ní wíwá orúkọ rẹ̀ kiri, àwọn ọlọ́pàá ní káwọn iléèwé London sọ iye ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọlọ́dún 4 sí 7 tí wọn ò rí mọ́ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. 300 ni. Àwọn 2 péré ni wọ́n rí. A ò sọ pé wọ́n kú o. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ wọn ti padà sílé. Ṣùgbọ́n àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ kóòdù mọ̀ pé bí wọn ò bá kọ ọmọ sínú ìwé níbi tó ti kúrò, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè sọ pé ó sọnù níbi tó dé. Àṣà wa ni kí ọmọ lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé ibi tó dáa. Àṣà yìí kan náà ni ọ̀daràn ń fara pamọ́ sí. Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast tí wọ́n pa ní London lọ́dún 2000, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ló fi wọ̀lú: Anna.

Nelson Mandela fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ní 2002 pé kí ẹni tó bá mọ ẹbí Adam jáde. Obìnrin kan dárúkọ ọmọ náà fáwọn oníròyìn ní 2011, ó tún wá yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn náà. Wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ìpànìyàn náà. Ọdún 2006 ni wọ́n sin ín sí London, nínú ibojì tí wọn ò kọ nǹkan kan sí.