Aṣọ Tó Bá Ni Mu

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n fi ìtìjú ara mi ṣí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, mo dìde níwájú kíláàsì láti ka ewì. Ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi ni mo wọ̀. Mo fi bẹ́líìtì fún un mọ́ ìbàdí títí ó fi ká jọ bí ẹnu àpò gàrí. N ò tíì ka ìlà kejì tí ẹnì kan fi kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló tún wà nínú ṣòkòtò yẹn pẹ̀lú ẹ?" Ẹ̀rín sọ. Ewì mi kú síbẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí: báwo làwọn tó ṣáájú wa ṣe ń rí aṣọ tó bá wọn mu nígbà tówó ò sí?

Láyé àtijọ́, aṣọ ló ń gba ara. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun òfì, wọn á wá rán an pọ̀ títí yóò fi fẹ̀. Ìró kan náà, ìyá lè ró o, kí ọmọ tún ró o. Agbádá gba lẹ́pa, ó gba ọ̀rọ̀bọ̀. Àmọ́ o, aṣọ púpọ̀ ló ń jẹ, owó sì laṣọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní dàńdógó kọjá àbínúdá.

Ní ọdún 1851, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tó jọ pé wọn ò tan mọ́ra rárá. Ní oṣù kẹjọ, Isaac Singer gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, àwọn Òyìnbó fi àgbá ńlá kọ lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò. Ẹ̀pẹ́ lòun àtàwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀ dó sí, ibẹ̀ ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ ti wá. Ọdún 1862 ló tó padà sÉkòó. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn Sàró àti Àgùdà ń wọ Èkó sí i. Ọ̀pọ̀ lára àwọn Àgùdà ló mọ aṣọ rán dáadáa. Kóòtù dé, gáùn dé, ẹ̀rọ Singer náà sì tẹ̀ lé e bó ṣe yá. Bí tépù ṣe di adájọ́ nìyẹn! Kálukú wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ ní aṣọ tirẹ̀, kó sì sanwó fún télọ̀ tirẹ̀.

Kí ni tálákà yóò wá ṣe? Òkìríkà dé. Wọ́n ní orúkọ ìlú Okrika, nítòsí Port Harcourt, ló mọ́ ọn lára, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ làwọn ìdì aṣọ ti ń sọ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Àwa ará Èkó pè é ní bọ́síkọ́nà, nítorí pé kọ̀rọ̀ lonítìjú ń sá sí láti wò ó bóyá ó bá òun mu. Ní Gánà, obroni wawu ni, ìyẹn aṣọ òyìnbó tó ti kú. Nígbà tí ètò SAP dé ní ọdún 1986 tí náírà já wálẹ̀, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣà. Ìjọba ní kò gbọdọ̀ wọ̀lú, òfin náà ṣì wà títí dòní. Síbẹ̀, ìdì aṣọ ń gba Kútọnu wọlé, ó sì ń dé Sábó ní Ìkòròdú.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 kógbá sílé ní 2002. Kì í ṣe òkìríkà nìkan ló pa irú wọn: àìsí iná mànàmáná wà ńbẹ̀, aṣọ fàyàwọ́ láti Ṣáínà náà wà ńbẹ̀. Àmọ́ ṣé ọwọ́ wa mọ́? Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, òkìríkà ló wà lọ́rùn mi.

Ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú ni Obíọmà, télọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká kiri àdúgbò, tó ń lu síṣọ́ọ̀sì kẹ́ṣẹ́-kẹ́ṣẹ́. Orúkọ Igbo ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ìró síṣọ́ọ̀sì yẹn. Mo gbé ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi fún un. Ó tú ìbàdí, ó gé e, ó fún ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Owó tó gbà ò tó owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú gba Ìtóìkín dé Ẹ̀pẹ́. Ó tún kọ́ mi lọ́gbọ́n: bí o bá ń ṣa aṣọ, èjìká ni kó o kọ́kọ́ wò, torí ìbàdí rọrùn láti tún ṣe, èjìká ò rọrùn. Yí inú rẹ̀ síta, kó o wò ó bóyá aṣọ ṣẹ́ kù lójú rírán, torí aṣọ tí ò ṣẹ́ kù kò ṣeé tú fẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ò ju ẹyọ kan lọ: kì í ṣe tuntun ló ń jẹ́ kí aṣọ bá ni mu, ọwọ́ ẹni tó tún un rán ni. Aṣọ mẹ́ta tó bá ọ mu sàn ju mẹ́wàá tí ń wọ́lẹ̀ lọ. Bówó bá sì yọjú, ẹ ra àdìrẹ ilé wa kan mọ́ ọn, ẹ gbé e fún télọ̀ àdúgbò. Owó yẹn ò ní kọjá bodè.

Ní ọdún kejì, mo tún dìde ka ewì, nínú ṣòkòtò kan náà. Kò sẹ́ni tó rí ṣòkòtò. Ewì ni wọ́n gbọ́.