Kí Ẹ Tó Ra Fọ́ọ̀mù Iléèwé Olùkọ́: Ta Ló Máa Fọwọ́ Sí Ìwé Ẹ̀rí Yín?

Orúkọ àwọn iléèwé tí àwọn òbí wa ti kọ́ṣẹ́ tíṣà ti ń yí padà. Tai Solarin tó wà n'Íjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ló kọ́kọ́ di yunifásítì ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 2005. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì di yunifásítì ní 2020. Òfin 2021 sọ Adéyẹmí l'Óǹdó di yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pa AOCOED tó wà n'Íjànìkín pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Otedola tó wà lágbègbè Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì sọ méjèèjì di LASUED.

Ìyípadà yìí dáa, àmọ́ ó ti da nǹkan rú mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ra fọ́ọ̀mù lójú. Iléèwé kan lè máa ṣe NCE, kó tún máa ṣe dìgírì lábẹ́ orúkọ yunifásítì míì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí i kà nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé orúkọ tó wà lẹ́nu géètì kọ́ ló ń báni wáṣẹ́, orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ni.

NCE àbí dìgírì?

NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìjọba gbà kéèyàn fi ṣe tíṣà nílẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́ta ni. Dìgírì ẹ̀kọ́, ìyẹn B.Ed., B.A.Ed. tàbí B.Sc.Ed., jẹ́ ọdún mẹ́rin fún ẹni tó bá gba UTME wọlé. Ẹni tó ní NCE lè gba Direct Entry, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń gbà á sí 200 level, á wá fi ọdún mẹ́ta kún un. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ẹni tó lọ tààrà lo ọdún mẹ́rin, ẹni tó gba ọ̀nà NCE lo mẹ́fà. A ò tíì ka ti ìyanṣẹ́lódì o.

Kí wá ni èrè NCE? Àmì JAMB tí wọ́n ń béèrè fún un máa ń kéré sí ti yunifásítì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé ẹ̀rí tẹ́ ẹ lè fi wáṣẹ́ ti wà lọ́wọ́, ẹ sì lè máa fowó ara yín ka ìyókù. Bí agbára ilé ò bá gbé ọdún mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà gidi ni. Àmọ́ bí àmì JAMB yín bá tó, tówó sì wà, èmi á ní kẹ́ ẹ lọ tààrà. Nínú iṣẹ́ ìjọba, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 07 ni ẹni tó ní NCE sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ní dìgírì á bẹ̀rẹ̀ láti 08.

Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: sọ́bújẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ṣe NCE ló máa pinnu dìgírì tẹ́ ẹ lè ṣe. Ẹni tó fi Yorùbá àti Social Studies gba NCE, kò ní rọrùn fún un láti fi wọlé ka Chemistry.

Ta ló ń fọwọ́ sí i?

Àjọ NCCE, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1989, ló ń mójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti NCE wọn. NUC ló ń mójú tó dìgírì. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá ní òun ń ṣe dìgírì, ẹ béèrè pé: dìgírì ta ni? Fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Adéyẹmí tó di yunifásítì, ìwé ẹ̀rí OAU Ifẹ̀ ni àwọn tó ṣe dìgírì l'Óǹdó ń gbà. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí Ifẹ̀ gidi ni. Ibi tí ewu wà ni ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ yunifásítì kan fún yín, tí yunifásítì yẹn fúnra ẹ̀ ò sì mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ pè wọ́n tàbí kẹ́ ẹ wo ìkànnì wọn. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ohun kan náà ló kan àwọn ẹ̀ka tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò, tí wọ́n ń sọ pé ẹ ò nílò JAMB. Bí orúkọ yín ò bá sí nínú CAPS ti JAMB, ìjọba ò mọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn míì ò ní mọ̀ títí tí wọ́n á fi ṣe dìgírì tán, tí NYSC á ní òun ò rí orúkọ wọn.

Iléèwé lè ní àṣẹ, kí kọ́ọ̀sì má ní

Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni NUC ń yẹ̀ wò. Bí kọ́ọ̀sì bá gba "full", ó di ọdún márùn-ún kí wọ́n tó padà wá. Bó bá jẹ́ "interim", ọdún méjì ni. Bó bá jẹ́ "denied", wọn ò gbọ́dọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Nítorí náà, kí Maths Education gba full ní iléèwé kan ò sọ pé Guidance and Counselling náà gbà á níbẹ̀. Ẹ wá orúkọ kọ́ọ̀sì yín gan-an lórí ìkànnì NUC tàbí NCCE.

Irú ọmọ wo lẹ fẹ́ kọ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo èyí. NCE ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fún JSS, fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara àti fún ẹ̀kọ́ àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn tàbí tí kò ríran, Federal College of Education Special tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ iná, iṣẹ́ igi tàbí mọ́tò, FCE Technical wà l'Ákọkà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ SSS, dìgírì ni kó fojú sùn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn Biology, àmọ́ tí kò tíì dá yín lójú pé ẹ fẹ́ ṣe tíṣà, ẹ lè ka Biology lásán, kẹ́ ẹ wá fi nǹkan bí ọdún kan ṣe PGDE lẹ́yìn náà.

TP àti TRCN

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe TP. Nínú NCE, odindi sáà kan lẹ máa fi wà nínú kíláàsì; ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń pín tiwọn sí ìgbà méjì. Ẹ bá àwọn tó wà ní 300 level sọ̀rọ̀: ìgbà mélòó ni olùkọ́ wá wò wọ́n? Ṣé ó jókòó tẹ́tí, àbí ó kàn fọwọ́ síwèé, ó lọ? Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ iléèwé tó ń kọ́ tíṣà lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, TRCN ṣì wà. Ìdánwò PQE ni wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀: ẹni tó ní NCE máa ṣe ti ìpele D, ẹni tó ní dìgírì máa ṣe ti C. Bí ìwé ẹ̀rí yín bá ní ìṣòro, ibẹ̀ náà ló ti máa hàn síta.

Ẹ kọ èyí sórí fóònù yín

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀: Orúkọ ta ló máa wà lórí ìwé ẹ̀rí? Ṣé kọ́ọ̀sì mi ní àṣẹ, títí di ọdún wo? Ṣé CAPS ni wọ́n á ti gbà mí wọlé? Irú ọmọ wo ni ìwé yìí máa jẹ́ kí n lè kọ́? Èló ni gbogbo ọdún á jẹ, pẹ̀lú ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ TP?

Iléèwé tí kò bá lè dáhùn márààrún, ẹ fi fọ́ọ̀mù wọn sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹni tó bá sì lò ó dànù ò lè rà á padà.