Satchel Paige, Ọmọ Alágbàfọ̀ Tó Ṣe Alábàárù

Òkè òkun ni ìtàn tòní ti wá, ṣùgbọ́n ó kan àwa tí à ń tajà ní Mile 1 àti Mile 3, torí ojoojúmọ́ là ń rí ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì tó ń ṣe alábàárù.

Ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1906 ni wọ́n bí Leroy Paige ní Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, Amẹ́ríkà. Ìlú ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin ni Mobile, bíi Port Harcourt níbí. Ẹ̀jẹ̀ wa náà wà níbẹ̀. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah lọ síbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, torí òfin ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Nígbà tí wọ́n dòmìnira, wọ́n tẹ àdúgbò tiwọn dó, wọ́n pè é ní Africatown. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí àwọn onímọ̀ ìtàn sọ pé ọmọ Yorùbá agbègbè Bantè ni. Ó ṣì wà láyé nígbà tí Leroy ń dàgbà. 1935 ló tó kú. A ò sọ pé ọmọ Yorùbá ni Leroy o, ìlú kan náà ni wọ́n jọ gbé.

Ọmọ 12 ni Lula, ìyá Leroy, bí. Leroy ni ìkeje. Ìyá ń fọṣọ fóníṣọ̀ọ́, bàbá ń tọ́jú ọgbà olówó, owó ò sì ká oúnjẹ. Ni ọmọ náà bá ń gbé ẹrù fún èrò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ní òun máa ń so báàgì púpọ̀ mọ́ igi kí òun lè gbé wọn lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ sì ni ìnagijẹ Satchel, ìyẹn báàgì, ti wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní rárá o, báàgì ló fẹ́ jí. Èyí ó wù kó jẹ́, ó ń sá nílé ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ò sì mọ́. Ní 1918, lọ́mọ ọdún 12, ó jí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtúnwàṣe ní Mount Meigs.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kókó. Kì í ṣe ìjọba ló kọ́kọ́ dá ilé yẹn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin adúláwọ̀ Alabama ló dáwó jọ, torí wọ́n ń ti àwọn ọmọdé wọn mọ́ ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tó gbà á. Níbẹ̀ ni ọkùnrin kan, Edward Byrd, ti kọ́ Satchel bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù baseball. Nínú eré yẹn, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fẹ́ fi igi gbá a. Kí igi má bà á ni iṣẹ́ ẹni tó ń jù ú.

Ó jáde ní 1923. Ní 1926, ẹgbẹ́ adúláwọ̀ kan ní Chattanooga gbà á síṣẹ́. Òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n líìgì ńlá ò gba adúláwọ̀, àfi ìgbà tí Jackie Robinson wọlé ní 1947. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Cleveland mú Satchel. Ó ti pé ẹni ọdún 42! Ọdún náà gan-an ni Cleveland gba ife ẹ̀yẹ. Ní 1971, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni eré náà.

Ẹ̀bùn ti wà lápá ọmọ yẹn látìgbà tó ti ń gbé báàgì. Àwọn ìyá tó dáwó yẹn ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ jòjòló ni nígbà yẹn. Àwa náà ń dáwó òkú, à ń dáwó aṣọ ẹbí. Owó ilé ìwé ọmọ wa tó ń ṣe alábàárù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sípàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀.