Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Wáyà Abẹ́ Òkun àti Cloud ní Èkó

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, a fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan tí a gbà sílẹ̀ níbi tó ti ń sun ẹkún ìyàwó. Iṣẹ́ kíláàsì ni, ọjọ́ kejì la sì máa gbé e kalẹ̀ níwájú olùkọ́ wa. Orí cloud la kó gbogbo rẹ̀ sí. Kò sí ẹ̀dà kankan lórí fóònù ẹnikẹ́ni nínú wa. A tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. A rò pé dátà ló tán, a fẹ́ ra òmíràn, áàpù báńkì náà kò dá wa lóhùn. Ìgbà tó yá la gbọ́ pé wáyà mẹ́rin ló bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3.

Ó yà wá lẹ́nu. Ìkùukùu ni cloud túmọ̀ sí, a sì ti ń fọkàn rò ó pé ojú ọ̀run ni ẹrù wa wà. Àṣé inú òkun ni ọ̀nà rẹ̀ gbà! Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣe bí àgbà lónìí.

Wáyà abẹ́ òkun kì í ṣe àlejò ní Èkó. Ọdún 1886, ọdún kan náà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì, ni ilé-iṣẹ́ African Direct Telegraph Company fa wáyà tẹligíráàfù dé Èkó, tí wọ́n sì fi so ìlú náà mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ tó ń gba inú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá di ohun tó ń dé kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn tó fa wáyà náà ló mọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó lọ.

Nígbà tó di ọdún 2002, SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti Pọ́túgàl ló ti wá, ó yà sí Èkó, ó sì lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà. NITEL nìkan ló ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba ibẹ̀, ọ̀dọ̀ NITEL ló ń lọ, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ báńkì gbé àwo VSAT sórí òrùlé ẹ̀ka wọn, wọ́n ń ti ara sátẹ́láìtì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó tún burú débi pé lẹ́tà íméèlì láti Ìkẹjà sí Yábàá lè kọ́kọ́ dé òkè òkun kó tó padà wálé. Torí èyí ni wọ́n ṣe dá IXPN sílẹ̀ ní ọdún 2006, kí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè máa pàdé nílé, kí ọ̀rọ̀ ilé má baà máa rìnrìn àjò lásán.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Glo-1 ti Mike Adénúgà gbéra láti Bude nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2009. Ní oṣù Keje ọdún 2010, MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Funke Opeke ló dá a sílẹ̀, obìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Ifẹ̀, tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kó tó padà wálé. Wáyà tirẹ̀ gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Ìgbà yẹn ni agbára ẹnìkan ṣoṣo lórí ọ̀nà náà dópin.

Cloud náà ní ìtàn tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ra server tirẹ̀, tó ń gbé e sí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú nínú rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìnkùlé. Ní ọdún 2006, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ènìyàn láyè lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, bí ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́jà dípò kó kọ́ ọjà tirẹ̀. Ó rọrùn, ó sì dín wàhálà kù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè ni ṣọ́ọ̀bù wà. Ní Áfíríkà, Gúúsù ni Microsoft kọ́kọ́ kọ́ tirẹ̀ sí ní 2019, Amazon tẹ̀ lé e ní Cape Town ní 2020. Ọdún 2023 ni Amazon ṣí kékeré kan sí Èkó. Àwọn ará ilé kò kúkú jókòó: Rack Centre ti ṣí dátà sẹ́ńtà tirẹ̀ ní Èkó ní 2013, ti MainOne ní Lẹ́kkí tẹ̀ lé e ní 2015. Nígbà tó di 2022, Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne ní 320 mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún yẹn náà ni wáyà Google gúnlẹ̀ sí Èkó. Equiano ni wọ́n pè é, orúkọ Olaudah Equiano, ọmọ Ígbò tí wọ́n jí gbé sóko ẹrú, tó wá kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ní 1789.

Nígbà tí wáyà mẹ́rin bà jẹ́ lọ́jọ́ tí a wí yìí, Equiano àti Glo-1 kò já. Ilé-iṣẹ́ tó ti gba ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ yí ẹrù rẹ̀ gba ibòmíràn. Ẹni tó gbára lé ọ̀nà kan jókòó, ó ń retí ọkọ̀ ojú omi tó máa lọ tún wáyà so, ìyẹn sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń lo SD-WAN báyìí: ó ń ṣọ́ gbogbo ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ ní, bí ọ̀kan bá dí, á darí ẹrù gba òmíràn. Wọ́n tún ń fi ẹ̀dà iṣẹ́ pàtàkì sí nítòsí ilé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe tí a ti mọ̀ látilẹ̀ ni.

Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yára tó nìkan kọ́ ni ká máa bèèrè. Ta ló ni ọ̀nà? Ọ̀nà mélòó la ní? Kí ló kù nílé bí gbogbo rẹ̀ bá dí?

A kò lè gbé iṣẹ́ wa kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohùn ìyá wa kò sọ nù. Ó ṣí nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà. Ṣùgbọ́n ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn tó mọ ẹkún ìyàwó bíi tirẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́. Ní báyìí, ẹ̀dà kan wà lórí cloud, ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa, ọ̀kan sì wà nínú fíláàṣì tí a fún ọmọ ìyá náà. Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo ni ohùn àwọn àgbà yín wà?