Fáàfù Inú Páìpù Èéfín Máṣíìnì: Ibi Tó Ti Wá, Kí Ẹ Tó Ní Kí Wọ́n Yọ Ọ́

 

Ọ̀rọ̀ máṣíìnì ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé pààtì máṣíìnì ni mò ń tà, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Àwọn ọmọ wa tó ń ra àwọn máṣíìnì ńlá tòkunbọ̀ ti dá àṣà kan sílẹ̀: bí wọ́n bá ti gbé e dé báyìí, wọ́n á ní kí mẹkáníìkì yọ fáàfù inú páìpù èéfín dànù. Wọ́n ní ó máa jẹ́ kí máṣíìnì tètè dáhùn tí èèyàn bá fún un níná nígbà tó ń rọra lọ, bíi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Owó gidi ni wọ́n sì ń san fún un. Mo wá ní kí n sọ bí fáàfù yẹn ṣe dé ibi tó wà, kí kálukú lè mọ ohun tó ń sanwó fún.

Ọ̀pọ̀ rò pé Japan ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Jámánì ni o, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Zschopau (ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń pè é). Ilé iṣẹ́ DKW ti ń ṣe máṣíìnì níbẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Lẹ́yìn ogun, apá ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Kọ́múnísì, ilé iṣẹ́ náà sì di MZ. Ẹnjiníà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Walter Kaaden. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní ọpọlọ.

Ẹ́ńjìnnì two-stroke ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn èyí tí à ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀, irú èyí tí àwọn àchàbà ń gùn kí Bajaj tó gba títì. Kò ní fáàfù lórí. Ihò ni wọ́n dá sí ara sìlíńdà, písítìnì ló ń ṣí i tó sì ń pa á dé bó ṣe ń lọ sókè sódò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí ihò èéfín bá ṣí, epo tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé náà á fẹ́ bá èéfín jáde láì tíì jó. Owó ló ń bá èéfín lọ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos, ẹ ti pariwo síwájú àpáta rí, tí gbohùngbohùn sì dá yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú páìpù. Ipá èéfín tó bú jáde á sáré lọ, ibi tí páìpù bá ti yí padà á dá ipá náà padà. Páìpù tí Kaaden ń ṣe fẹ̀ láàárín, ó sì tún fún ní ìparí. Ibi tó ti ń fẹ̀ á fa èéfín jáde kúrò nínú sìlíńdà. Ibi tó ti ń fún á dá ipá padà, ipá yẹn á sì ti epo tútù tó fẹ́ sá lọ padà sílé kí písítìnì tó pa ihò dé. Kì í ṣe òun nìkan ló ronú kan irú páìpù bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ló jókòó tì í lọ́dọọdún, tó ń wọ̀n ọ́n, tó ń gé e, tó ń tún un ṣe. Nígbà tó fi máa di 1961, ẹ́ńjìnnì 125cc rẹ̀ ti ń mú agbára ẹṣin 25 wá. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ lè gbé lọ́wọ́ ni mò ń sọ o.

Ọdún yẹn náà ni nǹkan dàrú fún un. Lóṣù Kẹjọ, ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi Berlin. Ernst Degner ló ń gun máṣíìnì MZ níbi ìdíje, ó sì kù díẹ̀ kó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Lóṣù Kẹsàn-án, wọ́n lọ díje ní Kristianstad, ní Sweden. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ níbẹ̀. Degner ò bá wọn padà sílé mọ́. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n ti fi ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ pamọ́ sínú búùtù mọ́tò gba ààlà kọjá. Ó gba ọ̀dọ̀ Suzuki lọ ní Japan, pẹ̀lú àṣírí Kaaden lágbárí. Ife ẹ̀yẹ 125cc bọ́ sọ́wọ́ Tom Phillis tó gun Honda. Ní 1962, Degner gba ife ẹ̀yẹ 50cc fún Suzuki, èyí sì ni ife ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ tí Suzuki gbà. Kaaden ní tirẹ̀ ò kúrò ní Zschopau. Àwa oníṣòwò mọ irú eléyìí dáadáa: ọmọ iṣẹ́ tó kó orúkọ gbogbo kọ́sítọ́mà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiwa. Àmọ́ èmi ò dá Degner lẹ́jọ́, torí kì í ṣe èmi ni wọ́n mọ odi yí ká.

Ẹ wá wò ó. Suzuki yìí ló ni AX100, èyí tí Jincheng ti China wá ń ṣe, tó kún títì wa nígbà kan. Nígbà tí àwọn ọlọ́kadà bá gé inú sàlẹ́ńsà two-stroke kó lè máa ké, gbohùngbohùn tó ń ti epo padà sílé ni wọ́n ń gé. Ó ń ké lóòótọ́. Epo náà ń tán.

Ọgbọ́n Kaaden ní àbùkù kan. Gbohùngbohùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí ẹ́ńjìnnì bá sáré dé ibi tí wọ́n wọ̀n páìpù fún, ìdáhùn á bọ́ sí àkókò. Tó bá ń rọra, ìdáhùn á ti tètè dé jù, á sì dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí máṣíìnì ìdíje ayé ìgbà yẹn fi máa ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé, tí á kàn fò sókè lójijì. Ní 1977, Yamaha fi irin róbótó kan sókè ihò èéfín máṣíìnì ìdíje 500cc wọn, wọ́n pè é ní YPVS. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra, irin náà á yí wálẹ̀ kí ihò lè kéré. Tó bá ń sáré, á yí gòkè. Ní 1983, ó dé orí RD350 tí ẹnikẹ́ni lè rà gùn.

Four-stroke ní fáàfù lórí, àmọ́ irú ìṣòro yìí ń bá a jà. Àkókò díẹ̀ wà tí fáàfù tó ń gba epo wọlé àti èyí tó ń lé èéfín jáde jọ máa ń ṣí. Tí ipá bá padà dé lásìkò yẹn, èéfín á padà sínú, epo tútù ò sì ní ráyè wọlé. Ní 1987, Yamaha fi fáàfù sínú páìpù èéfín FZR400R, wọ́n pè é ní EXUP. Ní 1989 ó dé orí FZR1000. Ibi tí páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé ló wà. Kọ̀ǹpútà inú máṣíìnì á pàṣẹ fún mọ́tò kékeré kan, mọ́tò á fa wáyà, wáyà á yí fáàfù. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra, á pa ọ̀nà dé díẹ̀ kó lè fọ́ ipá tó ń padà bọ̀. Tó bá ń sáré, á ṣí gbayawu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà. Torí ìrọra gan-an ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀.

Kí ló wá dé táwọn kan fi ń búra pé máṣíìnì àwọn ta kébé lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́? Nígbà mìíràn etí ló ń tàn wọ́n: ariwo pọ̀ sí i, wọ́n rò pé agbára ló pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn, fáàfù náà ti dógùn-ún, ó ti há sí ibi kan, wáyà sì ti já tàbí ti dẹ̀. Máṣíìnì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kò sí bí ara ò ṣe ní yá a díẹ̀ tí wọ́n bá yọ ohun tó há. Àmọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì so wáyà rẹ̀ dáadáa, á dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kẹta wà tí mi ò lè jiyàn sí: lára àwọn máṣíìnì tuntun, òfin ariwo wà lára ìdí tí wọ́n fi ń fi fáàfù sí páìpù, kó lè dín ariwo kù níbi ìdánwò. Ẹni tó bá yọ irú ìyẹn lè má pàdánù ohun púpọ̀, tó bá rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà epo rẹ̀ tò. Tí kò bá tò ó, iná àléébù á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, máṣíìnì á sì máa yìnbọn tí ẹ bá dín iná kù.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ nìkan, ẹ má tíì ta ẹ́ńjìnnì. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ máa gbọ́ tí mọ́tò kékeré yẹn á yí lọ, á yí bọ̀. Tí mọ́tò bá yí tí fáàfù ò yí, ara wáyà tàbí ìdógùn-ún ni. Bajaj, Jincheng, àti gbogbo máṣíìnì kékeré tí à ń ná ọjà lórí ẹ̀ ò ní fáàfù yìí nínú páìpù wọn rárá. Mẹkáníìkì tó bá ní òun fẹ́ bá yín yọ ọ́ lára Bajaj, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi hàn yín.